Bí a ṣe ṣí SharePoint sílẹ̀ fún àlejò tí kò ní páásìwọ́ọ̀dù

Iṣẹ́ yìí kò gùn lẹ́nu rárá. Ẹ̀ka tó ń ra ọjà fún iléeṣẹ́ wa ń fẹ́ kí àwọn agbaṣẹ́ṣe lè máa ka ìkéde tẹ́ńdà lórí pọ́tàlì wa, kí wọ́n sì gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ sórí fóònù, láìjẹ́ pé a fún ẹnikẹ́ni lórúkọ ìwọlé tàbí páásìwọ́ọ̀dù. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á tẹ ìkéde sórí bébà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tó wà lẹ́nu géètì, ẹni tó bá sì lójúlùmọ̀ nínú ọgbà á ti rí fọ́tò rẹ̀ lórí WhatsApp kí àwọn tó kù tó gbọ́. Ẹ̀sùn ojúsàájú ti ń pọ̀ jù. Ọ̀gá wa wá ní kí a gbé e síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i lẹ́ẹ̀kan náà.

SharePoint Server 2019, ètò Microsoft tí iléeṣẹ́ fi ń kọ́ sáìtì àti pọ́tàlì, la ń lò, lórí sáfà tiwa tó wà nínú ọgbà wa. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣeé ṣe, nítorí SharePoint Online, èyí tó wà lọ́dọ̀ Microsoft fúnra wọn, kò gbà kí odidi sáìtì ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ẹni tí kò wọlé. Líǹkì fáìlì tàbí ti fódà lo lè fún ará ìta níbẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí SharePoint kò bá fẹ́ kí àlejò rí nǹkan, kì í sọ ọ́ jáde. Páásìwọ́ọ̀dù ló máa ń bi í. Ojú-ìwé tí wọn ò tíì gbé jáde, àwòrán tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ sí, fódà tí wọ́n tì pa, àpótí kan náà ló máa yọ fún gbogbo wọn: orúkọ, páásìwọ́ọ̀dù, OK, Cancel. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa ni wíwá ohun tó ń mú àpótí yẹn yọ. Àmọ́ ibi tó yẹ kó ti yọ tí kò yọ ló dẹ́rù bà mí jù.

Àtúnṣe sáfà ló ṣáájú

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ní kí a fi gbogbo àtúnṣe ààbò tó ti jáde sórí sáfà náà. Ẹni tó bá ní SharePoint nínú ilé kò ní í tètè gbàgbé oṣù keje ọdún 2025, nígbà tí ariwo àlébù ààbò CVE-2025-53770 gbòde, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní ToolShell. 9.8 nínú 10 ni wọ́n fún un lórí òṣùwọ̀n ewu. Ẹni tó fẹ́ fi kọlu sáfà rẹ kò nílò àkáǹtì kankan, kò sì kàn án bóyá o ti ṣí anonymous (ìwọlé àlejò láìsí orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù) àbí o ò ṣí i. Kí ọwọ́ rẹ̀ ṣáà ti lè dé sáfà náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ti tó. Àwọn tó bá ti wọlé á jí machine key, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí ASP.NET, ètò tí SharePoint dúró lé, fi ń dá dátà tirẹ̀ mọ̀, wọ́n á sì lè máa fi padà wá lẹ́yìn tí o bá ti fi àtúnṣe síbẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe nìkan kò fi tó. O gbọ́dọ̀ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà:

Set-SPMachineKey -WebApplication http://portal
Update-SPMachineKey -WebApplication http://portal
iisreset

Gbogbo sáfà tó wà nínú farm, ìyẹn àpapọ̀ sáfà tó ń gbé SharePoint rẹ, ni wàá ti ṣe iisreset yẹn, tó ń tún IIS (ètò Windows tó ń gbé sáìtì jáde) bẹ̀rẹ̀, má ṣe é lórí ẹyọ kan kí o wá lọ sùn.

Sáfà wa kò tíì kọjú síta rí, nítorí náà àwọn kan rò pé a lè fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀ títí iṣẹ́ tẹ́ńdà á fi parí. Mo kọ̀ jálẹ̀, ọ̀gá sì gbè mí lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí náà kún un: ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2026 ni Microsoft dá fún òpin àtìlẹ́yìn SharePoint 2016 àti 2019. Subscription Edition la máa kó lọ, iṣẹ́ yìí sì ni mo fi ṣe ìgbáradì fún un.

Ilé ọ̀tọ̀ fún tẹ́ńdà

Sáìtì tẹ́ńdà ti wà tẹ́lẹ̀ lábẹ́ pọ́tàlì tí òṣìṣẹ́ ń lò, ní /sites/tenda. Ẹnì kan tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ló kọ́ ọ. Ìmọ̀ràn tó kọ́kọ́ wá ni pé kí n kàn lọ fi àmì sí Enable anonymous access lórí pọ́tàlì, kí n sì ṣí sáìtì yẹn nìkan. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí web application, ìyẹn odidi ilé tí ọ̀pọ̀ sáìtì ń gbé, ni àmì yẹn ń jókòó sí. Gbàrà tí o bá ti fi í síbẹ̀, gbogbo ẹni tó jẹ́ alábòójútó sáìtì kan lórí pọ́tàlì náà, ti ẹ̀ka owó oṣù o, ti ẹ̀ka òfin o, ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí bọ́tìnì Anonymous Access lọ́dọ̀ tirẹ̀. Kò dìgbà tí ẹnì kan bá ní èrò burúkú lọ́kàn. Kó ṣáà fẹ́ fi fáìlì kan han oníbàárà nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, kó sì máa kánjú àtilọ sílé.

Mo dá web application tuntun sílẹ̀, http://tenda, pẹ̀lú dátàbéèsì tirẹ̀, mo sì fi Backup-SPSite àti Restore-SPSite kó sáìtì náà kúrò nílé àtijọ́. Ìyẹn ò mú wàhálà kankan wá.

Ọ̀rọ̀ wá kan zone. Web application kọ̀ọ̀kan lè ní tó márùn-ún: Default, Intranet, Internet, Custom àti Extranet. Àkóónú kan náà ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn, àmọ́ àdírẹ́sì wọn àti òfin ìwọlé wọn yàtọ̀ síra. Mo fi Default sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń kọ ìkéde, pẹ̀lú Windows authentication bó ṣe wà. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ìwákiri SharePoint ń gbà wọlé láti ka ohun tó wà nínú sáìtì, nítorí náà má ṣe ba NTLM (ọ̀nà tí Windows fi ń dá ẹni tó ń wọlé mọ̀) ibẹ̀ jẹ́ bí o kò bá fẹ́ kí search daṣẹ́ sílẹ̀.

Ti àlejò di Internet. Nínú Central Administration, ojú-ìwé tí alábòójútó fi ń darí SharePoint, o máa lọ sí Manage web applications, wàá yan tẹ́ńdà, wàá tẹ Extend. Ojú-ìwé tó máa yọ gùn, àmọ́ ohun tó kàn wá níbẹ̀ ò ju díẹ̀ lọ: sáìtì IIS tuntun, port 443, host header tenda.example.com (àdírẹ́sì tiwa kọ́ nìyẹn o), Use SSL kó jẹ́ Yes, Allow Anonymous kó jẹ́ Yes, Zone kó jẹ́ Internet. Lórí 2019, fúnra rẹ lo máa lọ so sátífíkéètì mọ́ sáìtì náà nínú IIS Manager. Ibi tí iṣẹ́ rẹ parí sí nínú IIS nìyẹn. Má lọ máa tan Anonymous Authentication tàbí kí o máa pa á níbẹ̀, nítorí SharePoint ló ni ètò yẹn, inú Central Administration ni kí o ti bá a sọ̀rọ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo tẹ Anonymous Policy, mo yan zone Internet, mo sì fi í sí Deny Write. Òfin yìí ga ju ohun tí alábòójútó sáìtì lè ṣe lọ. Bó bá tiẹ̀ fi àṣìṣe fún àlejò láyè láti kọ nǹkan sínú àkójọ kan, òkè ti sọ pé rárá.

Bọ́tìnì tí kò sí níbi tí a ti ń wá a

Ohun tí a ṣe títí dé ibí kò ṣí nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn fún sáìtì ní àṣẹ láti ṣí ni. Inú sáìtì fúnra rẹ̀, ní Site settings, lábẹ́ Site permissions, ni bọ́tìnì Anonymous Access wà.

Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ wọlé láti http://tenda, ó wá bọ́tìnì náà tì. Ó tún wọ̀ ọ́ pẹ̀lú àkáǹtì farm, kò sí. Kò lè sí, nítorí àdírẹ́sì tí o gbà wọlé ni SharePoint ń wò: ó wà ní Default, Default ò sì gba àlejò. Àdírẹ́sì ìta, https://tenda.example.com, ni kí o gbà wọlé, kí o fi àkáǹtì alábòójútó wọlé níbẹ̀, bọ́tìnì náà á sì yọ. Mo mọ àwọn tó ti pa web application rẹ́ tí wọ́n tún un kọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ó lọ gbìyànjú rẹ̀ lórí sáfà fúnra rẹ̀. Páásìwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà, sáfà kọ̀ ọ́. Ó tún kọ ọ́, ó tún kọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ojú-ìwé funfun. Iṣẹ́ loopback check nìyẹn, ààbò tó ti wà nínú Windows láti ìgbà Server 2003 SP1, tí kì í jẹ́ kí sáfà fi NTLM wọlé sọ́dọ̀ ara rẹ̀ bí orúkọ tí o fi pè é bá yàtọ̀ sí orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí o fi DisableLoopbackCheck pa gbogbo rẹ̀ kú. Èyí tó dára jù ni BackConnectionHostNames, nínú registry lábẹ́ Lsa\MSV1_0, níbi tí wàá ti kọ orúkọ kan ṣoṣo tí o fẹ́. Èyí tó tún dára ju ìyẹn lọ ni kí o dìde kúrò nídìí sáfà, kí o lọ lo kọ̀ǹpútà mìíràn.

Bí bọ́tìnì bá ti yọ, ohun mẹ́ta ló máa fi lọ̀ ọ́: Entire Web site, Lists and libraries, Nothing. Nísàlẹ̀ wọn, àmì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Require Use Remote Interfaces permission. Fi àmì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Òun ló ń dí ẹni tó bá fẹ́ fi ètò kọ̀ǹpútà fa dátà jáde lọ́wọ́. Mo yan Entire Web site.

Àpótí náà

Ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tíì ṣí fáyàwọ́ọ̀lù fún wa. "Ẹ parí tiyín ná," ló wí, "kí n tó ṣí tèmi." Ó so àdírẹ́sì ìta náà mọ́ Wi-Fi àlejò nìkan, kí a lè máa fi fóònù dán an wò láìsí ará ìta níbẹ̀. Adúrú oore tí èyí ṣe wá máa hàn láìpẹ́.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ariwo ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń ṣiṣẹ́ o!"

Mo bi í pé kọ̀ǹpútà wo ló fi ń wò ó. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ ni. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wà nínú domain (àkójọ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń fi àkáǹtì kan wọ̀), àdírẹ́sì wa sì wà lára èyí tí bráúsà kà sí ti inú ilé, nítorí náà bráúsà á fi orúkọ òṣìṣẹ́ náà ránṣẹ́ láìbi í. Ó rò pé àlejò lòun, SharePoint sì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Wo igun òkè lápá ọ̀tún: bí o bá rí orúkọ rẹ níbẹ̀, ìwọ lo wọlé, bí o bá rí Sign In, o ti di àlejò. A gbé fóònù, a bọ́ sórí Wi-Fi àlejò, a ṣí i.

Àpótí yọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka èyí mú lọ ni pé kí o tẹ Cancel, kí o sì wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bí ojú-ìwé funfun tó ní 401 UNAUTHORIZED bá yọ, ojú-ìwé fúnra rẹ̀ ni SharePoint kò fẹ́ fún ọ. Bí ojú-ìwé bá yọ, tí àwòrán kan tàbí àwọ̀ kan bá sọnù níbẹ̀, ohun tó sọnù yẹn lolè. Tiwa, funfun báláú ni.

Ojú-ìwé àkọ́kọ́, default.aspx nínú library (ibi ìkófáìlìsí) tó ń jẹ́ Pages, wà ní version 0.7. Nínú sáìtì tó ní publishing (ètò ìgbéjáde ojú-ìwé), nọ́ńbà tó wà níwájú àmì tó-tò-tó yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. 0.7 túmọ̀ sí pé wọ́n ti ṣe é lóríṣiríṣi àmọ́ wọn ò tíì gbé e jáde rí. Òṣìṣẹ́ tó ní àṣẹ àtiṣàtúnṣe ń rí i lójoojúmọ́, kò sì sí ohun tó máa sọ fún un pé òun nìkan ló ń rí i. A tẹ Publish, ó di 1.0. A tún gbìyànjú: funfun báláú. Master page (àwòṣe tó ń fún àwọn ojú-ìwé ní ìrísí) tí ẹni àtijọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, nínú _catalogs/masterpage, òun náà ò kúrò ní 0. Bí master page bá jẹ́ dráfùtù, gbogbo ojú-ìwé tó gbára lé e ló bá a lọ, ì báà ti wà ní version 12.0.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojú-ìwé yọ, àpótí sì yọ lórí rẹ̀. A tẹ Cancel, lógò iléeṣẹ́ kò sí, àwọ̀ sì dà rú. Àsìkò ti tó láti kúrò lórí fóònù. Mo ṣí InPrivate lórí laptop tí kò sí nínú domain, mo tẹ F12, mo lọ sí Network, mo tún ojú-ìwé náà pè. Gbogbo ohun tí ojú-ìwé béèrè ló tò síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, 200, 200, 304, 200, títí tí ojú mi fi bọ́ sórí pupa: 401, lógò, nínú Style Library, 401, fáìlì CSS tó ń darí àwọ̀, nínú Style Library bákan náà. Style Library ní version kéékèèké nínú bíi ti Pages, nítorí náà fáìlì tí o bá jù síbẹ̀ tí o ò sì gbé jáde, ìwọ àti àwọn olùṣàtúnṣe nìkan lẹ ni ín. Mo gbé méjèèjì jáde, àpótí sì kásẹ̀ nílẹ̀.

Fáìlì kan tún wà tó mú 404 (pé kò sí irú rẹ̀) wá dípò 401, èmi gan-an tí mo jẹ́ alábòójútó ò sì rí i nínú library. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ò check in rí (kò dá a sílẹ̀ fún àwọn yòókù), ó sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kì í hàn sí ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ẹni tó gbé e wá. Inú settings library náà lo ti máa rí Manage files which have no checked in version, níbi tí wàá ti tẹ Take Ownership of Selection, kí o tó lè check in kí o sì gbé e jáde.

Àkójọ ìkéde tẹ́ńdà ló kù. Òun ò béèrè páásìwọ́ọ̀dù, ó kàn ṣófo ni. Content Query Web Part tó ń kó àkọlé wọn jọ sójú-ìwé àkọ́kọ́ kì í fi ohun tí o kò láṣẹ láti rí hàn ọ́, kì í sì sọ pé òun fi nǹkan pamọ́. Àkójọ náà ti ní àṣẹ ti ara rẹ̀, tó ti yapa sí ti sáìtì, kó tó di pé a ṣí ẹnu ọ̀nà, nítorí náà Entire Web site tí mo yàn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. O máa lọ sí permissions àkójọ yẹn fúnra rẹ̀, kí o tẹ Anonymous Access níbẹ̀, kí o fi àmì sí View Items.

Àǹtí tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ìrajà ló bá wa parí ìdánwò. Ó pè mí láti yàrá ìpàdé.

"Ẹ̀yin IT, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó tún ti ń bi mí ní páásìwọ́ọ̀dù o."

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kí lẹ tẹ̀ kó tó bi yín?"

"Fọ́ọ̀mù ni mo tẹ̀. Èyí tó jẹ́ Word."

Bí Word, Excel tàbí PowerPoint bá wà lórí ẹ̀rọ àlejò, òun fúnra rẹ̀ á fẹ́ lọ bá SharePoint sọ̀rọ̀ nípa fáìlì náà, bóyá ó ṣeé ṣàtúnṣe, bóyá ẹlòmíràn ti ṣí i. Ìjíròrò yẹn ni SharePoint ń tìtorí ẹ̀ béèrè páásìwọ́ọ̀dù, kì í ṣe fáìlì. Ọ̀nà wà tí èèyàn lè gbà dá a lẹ́kun, àmọ́ mo bẹ̀ wọ́n pé PDF nìkan ni kí wọ́n máa gbé síta. Wọ́n gbà. Fọ́ọ̀mù tí agbaṣẹ́ṣe á kọ nǹkan sí, kò tiẹ̀ yẹ kó lè yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà.

Ibi tí àpótí kò ti yọ

Inú gbogbo èèyàn dùn. Mo jókòó ti fóònù, mo kọ /_layouts/15/viewlsts.aspx sẹ́yìn àdírẹ́sì wa.

Gbogbo àkójọ tó wà nínú sáìtì ló tò síwájú mi. Mo tẹ èyí tí wọ́n pè ní Vendors. Orúkọ agbaṣẹ́ṣe, nọ́ńbà fóònù, orúkọ báǹkì, nọ́ńbà àkáǹtì. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Àkójọ náà ò sí lórí ojú-ìwé kankan tí a fi han àlejò, kò sí líǹkì kankan tó lọ síbẹ̀, àmọ́ ará sáìtì ni, mo sì ti sọ fún SharePoint pé odidi sáìtì. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà tó jáde lọ́dún 2023 ò ní í bi wá bóyá líǹkì wà àbí kò sí. Mo dá Anonymous Access padà sí Nothing lójú ẹsẹ̀, mo sì pe Ẹ̀gbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò tíì ṣí fáyàwọ́ọ̀lù.

Feature kan wà fún èyí, ViewFormPagesLockDown lorúkọ rẹ̀. Bí sáìtì bá jẹ́ Publishing Portal láti ìpìlẹ̀, á ti wà ní títàn. Ẹni tó kọ́ tiwa mú Team Site, ó wá tan publishing lé e lórí, nítorí náà kò sí níbẹ̀. Inú PowerShell la ti ń tàn án:

Enable-SPFeature ViewFormPagesLockDown -Url https://tenda.example.com

Mo tàn án, mo dá Anonymous Access padà sí Entire Web site. Ètò yẹn ṣe pàtàkì: bí o bá tan feature náà nígbà tí anonymous ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀, àṣẹ àtijọ́ ló máa wà lọ́wọ́ àlejò títí o ó fi pa á, kí o tún ṣí i. Mo tún gbìyànjú viewlsts.aspx, àpótí yọ. AllItems.aspx, àpótí yọ. Kò sí ìgbà tí inú mi dùn láti rí àpótí yẹn tó ìgbà náà.

Àmọ́ aṣọ ìkélé ni lockdown, kì í ṣe ògiri. Ojú-ìwé tí wọ́n fi ń wo àkójọ ló ń dí. Fáìlì tó wà nínú library tó ṣí sílẹ̀ ṣì máa jáde fún ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì rẹ̀ tààrà, orúkọ fáìlì kì í sì í ṣòroó méfò bí èyí tó ṣáájú rẹ̀ bá jẹ́ Tenda-01.pdf. Nítorí náà mo ní kí wọ́n kó Vendors padà sí pọ́tàlì àwọn òṣìṣẹ́. Àǹtí ṣàwáwí díẹ̀ pé ibì kan ṣoṣo lòun fẹ́ máa ti rí gbogbo nǹkan òun. Mo fi ojú-ìwé tí mo yà fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù hàn án, nọ́ńbà àkáǹtì àti gbogbo rẹ̀. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n tún béèrè bóyá agbaṣẹ́ṣe lè máa gbé ìwé tirẹ̀ sórí sáìtì láìwọlé. Rárá ni. SharePoint fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí àlejò fi fáìlì sínú library. Àmì Add Items á wà níbẹ̀ ní àwọ̀ eérú, kò ní í ṣeé tẹ̀. Kódà bó bá gbà, Deny Write ò gbà. Í-meèlì ni wọ́n á máa fi ránṣẹ́.

nginx tó dúró níwájú

Ẹ̀gbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò fẹ́ kí sáfà wa dojú kọ íntánẹ́ẹ̀tì ní tààrà, èmi náà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fi nginx, ètò agbedeméjì tó ń gba ìbéèrè ará ìta kó tó dé ọ̀dọ̀ sáfà, síwájú rẹ̀, a sì jókòó papọ̀ kọ òfin rẹ̀. /_vti_bin/ àti /_api/, ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà ń gbà bá SharePoint sọ̀rọ̀, a dí wọn pátápátá. /_layouts/ ò ṣeé dí tán, nítorí ibẹ̀ ni JavaScript, CSS àti àwòrán SharePoint ti ń wá. Ohun tí a dí níbẹ̀ ni gbogbo ohun tó bá parí sí .aspx. Ìyẹn náà ni ọ̀nà tí ToolShell gbà wọlé, nítorí náà ó wúlò fún ohun méjì. Líǹkì Sign In ò ṣiṣẹ́ láti ìta mọ́, ohun tí a sì fẹ́ nìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ ṣàtúnṣe, kó wá láti inú, nípasẹ̀ http://tenda.

Èyí tó wá kẹ́yìn ni àpótí páásìwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Bó bá ń yọ fún ará ìta, ẹnikẹ́ni lè jókòó sílé rẹ̀ kó máa méfò páásìwọ́ọ̀dù òṣìṣẹ́ wa lóru mọ́jú, bó bá sì méfò tó, àkáǹtì òṣìṣẹ́ á máa tì pa láàárọ̀. Àṣẹ nginx tó ń jẹ́ proxy_hide_header gba WWW-Authenticate, ọ̀rọ̀ tó ń mú kí bráúsà gbé àpótí yọ, kúrò lára ìdáhùn sáfà, proxy_intercept_errors sì jẹ́ kí a fi ojú-ìwé tiwa dípò 401, èyí tó kàn sọ pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ níbí, kí wọ́n padà sójú-ìwé àkọ́kọ́. Ìdánwò gbọ́dọ̀ parí kí o tó ṣe èyí o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ o ò ní í rí ohun tó ń ṣe sáìtì rẹ mọ́. A ṣì fi ọ̀nà Wi-Fi àlejò sílẹ̀ láìsí nginx, fún ọjọ́ tí nǹkan bá tún dà rú.

Wọ́n ṣí fáyàwọ́ọ̀lù. Ìkéde àkọ́kọ́ jáde, àwọn agbaṣẹ́ṣe sì ń rí i lórí dátà fóònù wọn. Ìpè tó ń wọlé sí wa lẹ́yìn náà kò ju oríṣi kan lọ, pé ìkéde tuntun kò hàn síta, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé wọ́n tẹ Save, wọn ò tẹ Publish. Mo kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ẹ̀ka ìrajà.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, nítorí náà mo fi ètò kékeré kan sórí sáfà tó ń ṣiṣẹ́ láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, tó ń fi àbọ̀ ránṣẹ́ sí í-meèlì mi:

Get-SPSite -WebApplication http://tenda -Limit All | Get-SPWeb -Limit All | Select-Object Url, AnonymousState

Ohun mẹ́ta ló lè kọ: Disabled, pé ibẹ̀ tì, Enabled, pé àkójọ àti library ibẹ̀ lè ṣí bí ẹnì kan bá ṣí wọn, On, pé odidi sáìtì náà ló ṣí. Àbọ̀ tó wá láìpẹ́ yìí ní ìlà kan tí n kò mọ̀ rí, /ipade, On. Òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka ìrajà ló dá sáìtì kékeré sílẹ̀ lábẹ́ tẹ́ńdà láti máa kó àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn sí, ó sì jogún àṣẹ bàbá rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, iye tí wọ́n fẹ́ ná lórí tẹ́ńdà tó ń bọ̀. Lógù nginx kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀ láti ìta. A gbé e lọ sórí pọ́tàlì àwọn òṣìṣẹ́, mo sì gba àṣẹ Create Subsites kúrò lọ́wọ́ gbogbo wọn, títí kan Àǹtí.